Eyín Gbígbìn Kì Í Kẹ̀, Àmọ́ Èrìgì Tó Yí I Ká Lè Kẹ̀: Ìtọ́jú Ojoojúmọ́ fún Ẹ̀yin Ará Gwarinpa

Ọ̀rọ̀ tá a mú wá lónìí kì í ṣe ti owó oṣù ẹgbẹ́, kì í sì í ṣe ti bọ́ọ̀sì tó ń gbé wa relé lọ́dún. Ọ̀rọ̀ ẹnu wa ni.

Lẹ́nu ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, àwọn àgbà tó ń fi eyín tuntun rẹ́rìn-ín nípàdé ti ń pọ̀ sí i. Àwọn kan ṣe é níbí ní Àbújá, àwọn kan lọ ṣe é ní Èkó tàbí Ìbàdàn, àwọn mìíràn sì wà tó jẹ́ pé àwọn ọmọ wọn ló sanwó rẹ̀ nígbà tí wọ́n lọ kí wọn ní Lọ́ńdọ̀nù. Inú wa dùn sí i. Àmọ́ a ṣàkíyèsí pé púpọ̀ nínú wa gbà pé tí dókítà bá ti de orí eyín mọ́ ọn tán, iṣẹ́ ti parí nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ yẹn gan-an niṣẹ́ tiwa bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀kan nínú àwọn bàbá wa lápá 3rd Avenue gbin eyín méjì sísàlẹ̀ ẹnu. Fún ọdún mẹ́ta, kò sí wàhálà kankan. Lẹ́yìn náà ni bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í rí ẹ̀jẹ̀ lára búrọ́ọ̀ṣì láràárọ̀. Bàbá ní, “Irin ni wọ́n rì mọ́bẹ̀, kí ló máa ṣe irin?” Bàbá ra kápúsù ní kẹ́mísìtì lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀jẹ̀ dá fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó tún padà. Kí bàbá tó dé ọ̀dọ̀ dókítà, egungun tó di ọ̀kan nínú eyín náà mú ti jẹ lọ. Ó di dandan kí wọ́n yọ ọ́, owó ńlá sì wọgbó. Bàbá ní ká sọ ọ́ fún ẹ̀yin ará, ká sáà má dárúkọ òun. Ìdí nìyẹn tá a fi kọ èyí.

Kí ni eyín gbígbìn?

Eyín gbígbìn, tí àwọn dókítà ń pè ní implant, yàtọ̀ sí eyín àtọwọ́dá tí a máa ń yọ sínú ife omi lálẹ́. Síkúrù kékeré ni dókítà máa gbìn sínú egungun àgbọ̀n níbi tí eyín ti yọ. Irin tí wọ́n ń pè ní titanium ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe síkúrù náà. Wọ́n á fi í sílẹ̀ fún nǹkan bí oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà kí egungun lè dàgbà mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá de ọrùn rẹ̀ mọ́ ọn, wọ́n á sì gbé orí eyín lé e. Orí yìí la máa ń rí nígbà téèyàn bá rẹ́rìn-ín.

Dókítà kan tó ń jẹ́ Per-Ingvar Brånemark, ọmọ orílẹ̀-èdè Sweden, ló ṣàwárí rẹ̀ láwọn ọdún 1950 pé egungun lè dì mọ́ titanium débi tí wọn ò ní ṣeé yà mọ́. Egungun ehoro ló ń yẹ̀ wò. Nígbà tó fẹ́ yọ irin tó fi sínú egungun náà, irin kọ̀, kò yọ. Ní 1965, ó gbin eyín sẹ́nu ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Gösta Larsson, ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe irú rẹ̀ fún lọ́nà yìí. Larsson lo eyín náà títí ó fi kú ní 2006. Ẹ ṣírò rẹ̀: ó lé ní 40 ọdún. Nítorí náà, eyín gbígbìn lè bá èèyàn dàgbà. Ohun tó ń gé ẹ̀mí rẹ̀ kúrú jù ni àìtọ́jú ìdí rẹ̀.

Kí ló dé tí èrìgì rẹ̀ fi gbẹgẹ́?

Òótọ́ ni pé kòkòrò ò lè jẹ titanium bó ṣe ń jẹ eyín ara. Àmọ́ síkúrù yẹn ò dá dúró. Egungun ló dì í mú, èrìgì ló sì ń dáàbò bo egungun. Tí èrìgì bá bàjẹ́, ilẹ̀kùn ti ṣí sílẹ̀ fún kòkòrò nìyẹn.

Eyín tí a bí mọ́ wa ní àwọn fọ́nrán tín-ín-rín tó wọ inú gbòǹgbò rẹ̀, tó so ó mọ́ èrìgì àti egungun, bí ìgbà tí wọ́n bá fi okùn so òpó àgọ́ mọ́lẹ̀ yípo. Eyín gbígbìn ò ní irú okùn bẹ́ẹ̀. Ńṣe ni èrìgì kàn yí i ká bí ọrùn bùbá ṣe ń yí ọrùn èèyàn ká. Ó fún mọ́ ọn lóòótọ́, àmọ́ kò wọnú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ìdọ̀tí fi lè tètè ráyè wọlé, tí àrùn sì fi máa ń yára rìn dé egungun ju ti eyín ara lọ.

Ohun kejì ni pé eyín gbígbìn kì í tètè dunni. Eyín ara tó ń bàjẹ́ ò ní jẹ́ ká sùn. Ti gbígbìn lè máa bàjẹ́ fún ọdún méjì kó má dunni rárá. Ẹni tó bá ń dúró de ìrora kó tó lọ rí dókítà, ó ṣeé ṣe kó ti pẹ́ jù.

Àrùn náà ní ìpele méjì

Ní 2017, àwọn onímọ̀ nípa èrìgì láti Yúróòpù àti Amẹ́ríkà pàdé ní Chicago, wọ́n sì fẹnu kò lórí bí a ṣe máa pín àrùn yìí. Wọ́n tẹ àbájáde ìpàdé náà jáde ní 2018. Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí nìyí:

Ìpele kìíní ni èrìgì wíwú. Èrìgì á wú, ẹ̀jẹ̀ á máa yọ tí a bá fọwọ́ kàn án tàbí tí a bá fọ̀ ọ́, àmọ́ egungun ò tíì jẹ. Èyí ṣì ń sàn. Àwọn olùwádìí ti ní káwọn èèyàn má fọ ìdí eyín gbígbìn wọn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré, èrìgì wọn sì wú. Nígbà tí wọ́n padà sídìí fífọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sàn, àmọ́ kò yára tó ti eyín ara. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta o! Ẹni tó relé lọ ṣe ìsìnkú, tó ń sùn kiri ilé mọ̀lẹ́bí láìmú búrọ́ọ̀ṣì lọ, kó rántí èyí.

Ìpele kejì ni wọ́n ń pè ní peri-implantitis. Níbí, egungun ti ń jẹ lọ lábẹ́ èrìgì. Egungun tó bá ti lọ kì í dédé padà bọ̀ sípò. Dókítà lè dá a dúró, wọ́n lè nílò iṣẹ́ abẹ, nígbà mìíràn sì rèé, yíyọ ni yóò kù. Níbi tí kò bá sí fọ́tò X-ray àtijọ́ tí dókítà lè fi wéra, àwọn onímọ̀ yẹn ní ká gbà pé àrùn ti wọ ìpele kejì tí ẹ̀jẹ̀ tàbí ọyún bá ń jáde, tí ihò ìdí eyín náà jìn tó mìlímítà 6 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí egungun sì ti sọ̀ kalẹ̀ tó mìlímítà 3 ó kéré tán.

Ṣé ọ̀rọ̀ yìí wọ́pọ̀? Ó wọ́pọ̀ dáadáa. Àwọn olùwádìí méjì tí orúkọ wọn ń jẹ́ Derks àti Tomasi kó ọ̀pọ̀ ìwádìí jọ ní 2015. Wọ́n rí i pé nínú ẹni 100 tó ní eyín gbígbìn, nǹkan bí 43 ló ní èrìgì wíwú, nǹkan bí 22 sì ti wà ní ìpele kejì. Ẹ rí i pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnì kan ṣoṣo ní 3rd Avenue.

Àwọn àmì tó yẹ kí ẹ máa wò

Ẹ dúró síwájú dígí níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, ẹ fa ètè sókè àti sísàlẹ̀, kí ẹ sì wò ó dáadáa. Ọ̀pọ̀ ìwé ìtọ́jú eyín sọ pé kí a máa wò ó bóyá èrìgì pọ́n. Àmọ́ ẹ̀yin náà mọ̀ pé èrìgì ọ̀pọ̀ nínú wa dúdú látìbẹ̀rẹ̀, pípọ́n ò ní tètè hàn lára rẹ̀. Nítorí náà, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé àwọ̀ nìkan. Ẹ wá àwọn àmì wọ̀nyí:

- Ẹ̀jẹ̀ lára búrọ́ọ̀ṣì, lára orín tàbí nínú omi tí ẹ fi yọ ẹnu, pàápàá tó bá ń wá láti ojú kan náà.
- Èrìgì tó wú, tó ń dán bí ohun tí wọ́n fi epo pa, tàbí tó rọ̀ nígbà tí ẹ fi ìka kàn án.
- Ọyún, tàbí adùn burúkú tó ń jáde láti ìdí eyín náà.
- Òórùn ẹnu tí kò lọ bó ti wù kí ẹ fọ̀ tó.
- Eyín tuntun tó dà bíi pé ó ń gùn sí i, tàbí tí irin rẹ̀ ti ń yọjú. Èrìgì ló ń sọ̀ kalẹ̀.
- Oúnjẹ tó ń há síbi kan náà ní gbogbo ìgbà, tí kì í há síbẹ̀ tẹ́lẹ̀.
- Eyín tó ń mì.

Lórí èyí tó kẹ́yìn yìí, ẹ má fòyà kọjá ààlà. Nígbà míì, orí eyín ló tú díẹ̀ lára síkúrù rẹ̀, dókítà á sì dè é padà. Àmọ́ tó bá jẹ́ síkúrù inú egungun gan-an ló ń mì, ọ̀rọ̀ ti burú nìyẹn. Èyí ó wù kó jẹ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi gáàmù tí wọ́n fi ń lẹ bàtà lẹ̀ ẹ́ nílé.

Ta ló yẹ kó ṣọ́ra jù?

Gbogbo ẹni tó gbin eyín ló yẹ kó ṣọ́ra, àmọ́ ti àwọn kan ju ti àwọn kan lọ.

Ẹni àkọ́kọ́ ni ẹni tó jẹ́ pé àrùn èrìgì ló pa eyín tirẹ̀ tẹ́lẹ̀. Kòkòrò tó lé eyín ìbílẹ̀ lọ ṣì wà lẹ́nu, ó sì ń dúró de àlejò tó gba ipò rẹ̀. Ẹ tọ́jú èrìgì eyín yòókù kí ẹ tó gbin tuntun.

Ẹnì kejì ni ẹni tó ní àtọ̀gbẹ tí ṣúgà rẹ̀ ò sí níjàánu. Ara rẹ̀ kì í lè bá àrùn jà dáadáa, ọgbẹ́ rẹ̀ kì í sì í tètè jinná. Ọ̀pọ̀ àwọn àgbà wa ló wà nínú ẹgbẹ́ yìí láìmọ̀. Ẹ lọ yẹ ṣúgà ẹ̀jẹ̀ yín wò.

Ẹnì kẹta ni ẹni tó ń mu sìgá. Sìgá ń dín ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ sí èrìgì kù. Ohun tó tún burú níbẹ̀ ni pé ó lè jẹ́ kí èrìgì má ṣẹ̀jẹ̀ púpọ̀ bó tiẹ̀ ń bàjẹ́, kí èèyàn sì rò pé àlàáfíà lòun wà.

Ẹnì kẹrin ni ẹni tó ń payín keke lójú oorun, tàbí tó ń fi eyín ṣí ìgò. Eyín gbígbìn ò ní fọ́nrán tó ń gba ìnira rọ́ bíi ti eyín ara. Gbogbo agbára yẹn, orí eyín, síkúrù àti egungun ló ń bọ̀ sí, síkúrù sì lè tú tàbí kó ṣẹ́. Ẹ jẹ súyà o, ẹ jẹ ẹran Iléyá o, àmọ́ ẹ fi eegun sílẹ̀ fún ajá.

Ìtọ́jú ojoojúmọ́ nílé

1. Ẹ fọ ẹnu lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, ìṣẹ́jú méjì méjì. Ti alẹ́ ṣe pàtàkì ju ti àárọ̀ lọ, torí ẹnu gbẹ lójú oorun, kòkòrò sì ń ráyè. Àwa Yorùbá mọ fífọ ẹnu láàárọ̀ dáadáa, ti alẹ́ la máa ń gbàgbé.

2. Ẹ lo búrọ́ọ̀ṣì tó rọ̀. Ẹ dà á díẹ̀ sí ojú ibi tí èrìgì àti eyín ti pàdé, kí ẹ máa yí i jẹ́jẹ́. Ẹni tó ń fi agbára fọ̀ ọ́ bí ẹni ń fọ ìkòkò, èrìgì ló ń lé sẹ́yìn. Tó bá tó oṣù mẹ́ta tàbí tí irun rẹ̀ bá ti tú, ẹ ra òmíràn.

3. Ẹ fọ àárín eyín sí eyín lójoojúmọ́. Búrọ́ọ̀ṣì ńlá ò lè débẹ̀. Búrọ́ọ̀ṣì kékeré wà tó dà bí èyí tí wọ́n fi ń fọ ìgò ọmọdé, àmọ́ kò ju igi ìtayín lọ. Kí ẹ ra èyí tí wọ́n fi ọ̀rá bo wáyà àárín rẹ̀ kó má baà ha irin. Ẹ bi dókítà léèrè ìwọ̀n tó bá ẹnu yín mu.

4. Òwú ìfọyín náà dáa, àmọ́ ẹ rọra. Tí síkúrù bá ti yọ síta, ara rẹ̀ máa ń le, ó lè já òwú náà sílẹ̀ sínú èrìgì, èérún òwú náà á sì dá wíwú sílẹ̀.

5. Orín ńkọ́? A ò ní kí ẹ sọ orín nù. Orín àta àti àwọn pákò ìbílẹ̀ yòókù ti ṣe bẹbẹ fún wa. Ẹ sáà rún un títí tí ẹnu rẹ̀ á fi rọ̀, kí ẹ má fi ṣóńṣó rẹ̀ gún èrìgì ìdí eyín gbígbìn. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣì ní láti lo búrọ́ọ̀ṣì kékeré, torí orín kì í lè wọ àárín eyín dáadáa.

6. Ẹ jìnnà sí eérú, èédú àti iyanrìn. Wọ́n máa ń ha orí eyín tuntun, ìdọ̀tí sì máa ń fẹ́ràn ibi tó há. Ọṣẹ ìfọyín lásán tó.

7. Ẹ dín igi ìtayín kù. Lẹ́yìn ẹran òde àríyá, ọwọ́ wa kì í kúrò lẹ́nu. Igi yẹn ń gún èrìgì, ó sì lè ṣẹ́ síbẹ̀.

8. Omi iyọ̀ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ dáa láti fi yọ ẹnu, àmọ́ kò lè rọ́pò fífọ̀. Oògùn ìyọnu tó ní chlorhexidine náà wà. Ẹ lò ó tí dókítà bá ní kí ẹ lò ó, fún iye ọjọ́ tó bá sọ. Tó bá pẹ́ jù, ó máa ń sọ eyín di aláwọ̀ ilẹ̀, kì í sì í jẹ́ kí oúnjẹ dùn lẹ́nu.

Lórí kápúsù kẹ́mísìtì, ọ̀rọ̀ wa ò pọ̀. Ìdọ̀tí tó ti le bí òkúta lábẹ́ èrìgì kò gbọ́ ti kápúsù. Àfi kí wọ́n ha á kúrò. Kápúsù lè mú kí ẹ̀jẹ̀ dá díẹ̀, kí àrùn sì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ lábẹ́lẹ̀, bó ṣe ṣe bàbá wa.

Ohun tó yẹ kí dókítà máa ṣe

Ní ọjọ́ tí wọ́n bá gbé orí eyín lé e, ẹ ní kí wọ́n ya X-ray rẹ̀. Fọ́tò yẹn ni ẹ̀rí bí egungun ṣe rí níbẹ̀rẹ̀, òun sì ni dókítà yòówù á fi wo ọjọ́ iwájú. Ẹ tún ní kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò bóyá sìmẹ́ǹtì tí wọ́n fi lẹ orí eyín náà kù sábẹ́ èrìgì. Sìmẹ́ǹtì tó bá kù síbẹ̀ jẹ́ ọ̀kan lára ohun tó ń fa wíwú.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ máa padà lọ lóṣù mẹ́ta mẹ́ta tàbí mẹ́fà mẹ́fà, bí dókítà bá ṣe rí ẹnu yín sí. Tí ẹ bá débẹ̀, dókítà yẹ kó fi irin ìwọ̀n tín-ín-rín wọn ìdí eyín náà, kó wò ó bóyá ẹ̀jẹ̀ jáde, kó sì fọ ìdọ̀tí kúrò. Ẹ lè bi í tìrẹ̀lẹ̀tìrẹ̀lẹ̀ pé, “Dókítà, kí lẹ fẹ́ fi ha á?” Irin líle tí wọ́n fi ń ha eyín ara lè ha ojú titanium. Ohun èlò mìíràn wà fún eyín gbígbìn. Dókítà tó mọṣẹ́ ò ní bínú sí ìbéèrè yẹn.

Ìwé eyín yín: ọ̀rọ̀ àwa ará ìdálẹ̀

Èyí ló kan àwa tí a kúrò nílé jù. Ẹni tó gbin eyín ní Ìbàdàn, tó ń gbé Gwarinpa, tí ọmọ rẹ̀ sì lè mú un lọ sí Kánádà lọ́dún tó ń bọ̀, ọ̀dọ̀ dókítà wo ló máa lọ tí síkúrù bá tú? Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe síkúrù yìí pọ̀, ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan sì lè ní irinṣẹ́ tirẹ̀ tí wọ́n fi ń tú u. Tí dókítà tuntun ò bá mọ irú èyí tó wà lẹ́nu yín, ńṣe ló máa máa méfò.

Nítorí náà, kí ẹ tó kúrò lọ́dọ̀ ẹni tó gbìn ín, ẹ gba ìwé tó ní orúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe síkúrù náà, ìwọ̀n gígùn àti fífẹ̀ rẹ̀, nọ́ńbà tó wà lára páálí rẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n gbìn ín, bóyá síkúrù tàbí sìmẹ́ǹtì ló di orí rẹ̀ mú, àti X-ray rẹ̀. Ẹ fi fóònù ya gbogbo rẹ̀, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí ọmọ kan. Ìwé yẹn ṣe pàtàkì bí ìwé ilẹ̀.

Níbo la lè lọ?

Gwarinpa tí Federal Housing Authority kọ́ ti di ìlú ńlá, láti 1st Avenue dé 7th Avenue, ilé ìwòsàn eyín aládàáni sì wà níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ti ìjọba lè bẹ̀rẹ̀ láti Gwarinpa General Hospital kó béèrè ibi tí wọ́n á darí òun sí. Ẹ̀ka eyín wà ní National Hospital àti ní ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ tó wà ní Gwagwalada. Ibi yòówù kí ẹ lọ, ẹ rí i dájú pé ẹni tó máa fọwọ́ kan ẹnu yín forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Medical and Dental Council of Nigeria. Àwọn dókítà eyín gbọ́dọ̀ máa sọ ìwé àṣẹ wọn di ọ̀tun lọ́dọọdún, ẹ sì lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè rẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ sanwó eyín fún bàbá àti ìyá yín, ẹ kú oore. Ẹ bá wa fi owó búrọ́ọ̀ṣì kékeré àti owó àyẹ̀wò kún un lọ́dọọdún. Tí ẹ bá pè wọ́n lórí fóònù, lẹ́yìn “ṣé ẹ ti jẹun?”, ẹ bi wọ́n pé, “Ẹ̀jẹ̀ ò yọ nídìí eyín yín?”

Àwọn àgbà ní àìtètè mólè, olè á mólóko. Ẹ̀jẹ̀ kékeré tí ẹ rí láàárọ̀ yìí ni olè náà. Ẹ má dúró kó dunni. A ó máa retí yín nípàdé, pẹ̀lú ẹ̀rín tó gbó sẹ́nu.